Ẹ má lọ oògùn sínú ògì kí ẹ tó wo ara páálí rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ẹ ní metformin tí wọ́n kọ fún ìtọ̀ ṣúgà wọn tóbi jù fún ọ̀fun wọn, ẹ sì ń bèèrè bóyá ẹ lè lọ̀ ọ́ sínú ògì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo páálí rẹ̀. Tí ẹ bá rí XR, SR, ER tàbí XL lẹ́yìn orúkọ oògùn, àmì pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde sínú ara nìyẹn, ẹ má lọ̀ ọ́, kí Bàbá má sì rún un lẹ́nu.

Èmi ni mo tọ́jú ìyá mi nílé wa ní Ìkòròdú lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Nifedipine XL ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró kan lójúmọ́. Ọmọbìnrin tó ń bá wa tọ́jú wọn rí i pé wọn ò lè gbé e mì, ló bá lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ. Kò pẹ́ tí ojú wọn fi pọ́n, àyà wọn ń lù kìkì, òòyì ń kọ́ wọn. Nígbà tí a wọn ìfúnpá wọn, ó ti já wálẹ̀ débi pé ilé ìwòsàn la sáré gbé wọn lọ. Ọlọ́run ló yọ wá. Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi. Níbi tí a ti ra oògùn, wọn ò sọ ohunkóhun fún wa.

Apòògùn kan ní Sábó ló là á yé mi. Oògùn ọjọ́ kan gbáko ló wà nínú hóró yẹn, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pọ́límà ló sì ń dá a dúró kó má baà dà sínú ara lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ metformin XR, hypromellose ni pọ́límà ọ̀hún. Tí omi inú bá ti kàn án, á wú, á dì bí ẹ̀kọ tútù, oògùn á wá máa jò jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irú nifedipine tí ìyá mi ń lò yàtọ̀: èèpo kan tí wọ́n ń pè ní cellulose acetate ló bò ó, ihò tíńtín kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi iná laser lu. Omi á gba ara èèpo wọlé, pọ́límà tó wà nínú á wú, á sì máa ti oògùn jáde láti ihò yẹn fún wákàtí 24. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ ti ba gbogbo ètò yẹn jẹ́.

Èèpo yẹn kì í yòrò. Tí ẹ bá rí i nínú ìgbọ̀nsẹ̀, oògùn ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má fún wọn ní òmíràn. Ti metformin náà lè jáde bí nǹkan rírọ̀.

Ní ti Bàbá, metformin kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ lójijì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lọ̀ ọ́, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lè dé, agbára rẹ̀ kò sì ní tó odidi ọjọ́ kan mọ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Metformin lásán wà, èyí tí wọ́n ń pín sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Olómi náà wà. Ẹ má fúnra yín pààrọ̀ rẹ̀. Tí Bàbá bá sì ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń mu omi lásán, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀fun wọn gan-an ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.