Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Kí Ni Iṣẹ́ Onímọ̀ Ìfọ́mọlọ́mú, Báwo Ni A Sì Ṣe Ń Kọ́ Ọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, orí ọmú mi méjèèjì sì ti bó. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi omi gbígbóná jó o, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ní kí n máa fi mílíìkì inú agolo kún un, ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì ní kí n wá onímọ̀ ìfọ́mọlọ́mú lọ. N kò gbọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ni yóò ṣe fún mi tí nọ́ọ̀sì kò lè ṣe? — Ìyá Ọmọ Tuntun, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ìrora. Ohun àkọ́kọ́ tí onímọ̀ ìfọ́mọlọ́mú máa ṣe ni pé yóò jókòó tì yín, yóò sì wo ọmọ láti ìgbà tó bá ti la ẹnu títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi tú ọmú sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà, nítorí nọ́ọ̀sì tí abiyamọ kún wọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í ráyè irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ wù ú láti ṣe é. Yóò wò ó bóyá ẹ ti gbé èjìká sókè mọ́ ọrùn nítorí ìrora, bóyá ikùn ọmọ kọjú sí ikùn yín tàbí ọrùn nìkan ló yí, àti bóyá àgbọ̀n rẹ̀ kan ọmú tí ètè ìsàlẹ̀ sì ṣí síta, tàbí orí ọmú lásán ló fi ètè há mú. Yóò tẹ́tí pẹ̀lú: ọmọ tó ń rí omi ọyàn máa ń fà á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á sì gbé e mì, ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá ń dún “ta, ta”, ahọ́n ń já kúrò lára ọmú ni. Nígbà tí ọmọ bá tú ọmú sílẹ̀, yóò yẹ orí ọmú wò. Bí ó bá rí pẹlẹbẹ, tí ó gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹnu gègé ìkọ̀wé, ọmọ kò gbà á wọlé tó, ó ń fi òkè ẹnu tẹ̀ ẹ́ ni. Egbò tí à ń tún dá ní ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lójúmọ́, omi gbígbóná wo ni yóò wò ó sàn?

Ó tún lè wọn ọmọ kí ó tó mu ọmú àti lẹ́yìn tó bá mu tán, lórí ìwọ̀n tó ń ka gíráàmù, kí ó lè mọ iye tó wọlé. Bí ó bá rí awọ tó di ahọ́n mọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni yóò darí yín sí, nítorí kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti la awọ tàbí kọ oògùn, àyàfi tí òun náà bá jẹ́ dókítà. Ní ti mílíìkì inú agolo, ó ní ọjọ́ tó wúlò, ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń mu ọmú tó ni ọmú ń pèsè tó. Bí a kò bá tún ọ̀nà tí ọmọ ń gbà mú un ṣe, agolo yóò kàn máa dín omi ọyàn kù ni. Ẹ gbé ọmọ lọ wọ̀n lọ́la. Ó yẹ kí ó ti padà sí ìwọ̀n tí ẹ bí i ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì máa tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́. Bí ọmú bá pọ́n tó sì le, tí ibà sì dé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Ọmọ mẹ́fà ni mo fún lọ́mú, kò sí oníwèé-ẹ̀rí kankan tó kọ́ mi. Ṣé kì í ṣe ọ̀nà àtigbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìyí? — Ìyá Àgbà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Màmá, ẹnìkan kọ́ yín, kò kàn fún yín ní ìwé ni. Ní Amẹ́ríkà, ìgò ti gba ipò ọmú débi pé ìyá púpọ̀ kò ní ohun tí wọn yóò fi kọ́ ọmọ wọn mọ́, nígbà tí obìnrin méje ní Franklin Park, ní ìpínlẹ̀ Illinois, dá ẹgbẹ́ La Leche League sílẹ̀ ní ọdún 1956 kí ìyá lè máa kọ́ ìyá. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ IBLCE ti jáde ní ọdún 1985, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn onímọ̀ wò, tó sì ń fún wọn ní oyè onímọ̀ ìfọ́mọlọ́mú tí à ń pè ní IBCLC. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú wọn, Màmá, bí a bá yọ ti omi ọmú àkọ́kọ́ aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn kan láyé àtijọ́ ń fún dànù, tó sì jẹ́ pé òun ló ń dáàbò bo ọmọ jù. Lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀rù tó ń bà yín kò burú. Oyè náà de ẹni tó gbà á mọ́ òfin àgbáyé ti 1981 lórí títa mílíìkì ọmọ ọwọ́, nítorí náà ẹni tó bá ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á, ẹ má jẹ́ kí ó sún mọ́ ọmọ-ọmọ yín.

Ìbéèrè: Agbẹ̀bí ni mí, mo sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Agbẹ̀bí, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra. Ìpele méjì ni mo rò pé ó kàn yín. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ olùgbaninímọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé jáde ní ọdún 1993, tó gba wákàtí 40, tí apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ìfidánrawò lọ́dọ̀ àwọn abiyamọ. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń kọ́ni láti béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi abiyamọ pé, “Ṣé ọmọ ń mu ọmú dáadáa?”, “bẹ́ẹ̀ ni” ni yóò dáhùn, bí omijé tilẹ̀ wà lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ní, “Báwo ni ọmọ ṣe ń mu ọmú?”, ó di dandan kí ó sọ nǹkan.

Ìpele kejì ni oyè IBCLC. Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́ agbẹ̀bí, wọn kò ní ní kí ẹ tún kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ ìlera 14 tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní wákàtí 95 ẹ̀kọ́ nípa ìfọ́mọlọ́mú, tí 5 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọgbọ́n ìbánisọ̀rọ̀, àti wákàtí 1,000 tí ẹ fi ran àwọn abiyamọ lọ́wọ́ láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú ìdánwò. Ìbéèrè 175 ló wà nínú ìdánwò náà, òmíràn pẹ̀lú àwòrán ọmú tàbí ẹnu ọmọ tí ẹ ó wò kí ẹ tó mú ìdáhùn. Ọdún márùn-ún sì ni ìwé-ẹ̀rí náà ń lò kí a tó tún un gbà.

Wákàtí 1,000 yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró, kì í ṣe nítorí pé wọn kò ṣe iṣẹ́ náà, bí kò ṣe pé wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kan lónìí, kí ẹ máa kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí ẹ ṣe sínú rẹ̀, láìkọ orúkọ abiyamọ kankan.