Ṣé bakitéríà lè pa òjé inú ilẹ̀ run?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lágbègbè Odógunyàn, ní Ìkòròdú, ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ nígbà kan rí kò jìnnà sí oko mi. Tẹ̀tẹ̀ mi kò ga, ewé rẹ̀ ń pọ́n. Ẹnì kan ní kí n ra bakitéríà inú ike, pé yóò pa òjé inú ilẹ̀ run. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òjé kì í jẹrà, kò sì sí bakitéríà tó lè pa á run. Ewéko ni bakitéríà ń bá gbé ìnira náà.

Irú bakitéríà bíi Bacillus àti Pseudomonas máa ń rọ̀ mọ́ gbòǹgbò, wọ́n á sì máa pọ ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Òjé á lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó máa wọ gbòǹgbò á dín kù. Wọ́n tún ń tú fósfétì, oúnjẹ ewéko kan tó há sínú ilẹ̀, sílẹ̀; bí fósfétì bá di mọ́ òjé, omi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yọ́ ọ mọ́. Àmọ́ bakitéríà míì ń yọ ásíìdì tó ń tú òjé sílẹ̀ fún ewéko láti fà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ fi lè tutù yọ̀yọ̀ kí òjé sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má tíì náwó. Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, ó lè jẹ́ àìtó náítírójìn, oúnjẹ ewéko míì, lásán. Ẹ wa ilẹ̀ níbi 10, kó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò ó pọ̀ nínú ike, kì í ṣe nínú páànù. Ẹ sá a níbòòji, kí ẹ gbé ìdajì kílò lọ sí lábù. Ẹ ní kí wọ́n wo òjé àti pH, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó.

Ní 2024, Amẹ́ríkà dín òṣùwọ̀n òjé inú ilẹ̀ àyíká ilé láti 400 sí 200 mílígírààmù nínú kílò kan. Bí tiyín bá kọjá 200, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ ewé síbẹ̀; ẹ da ilẹ̀ mímọ́ sórí àpò tó nípọn, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ gbìn ín síbẹ̀. Bí kò bá kọjá, tí pH sì wà lábẹ́ 6, ẹ fi láìmù, ìyẹ̀fun òkúta tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, gbé e dé 6.5, kí ẹ sì da kílò 2 ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa sí mítà kan níbùú lóròó. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Èyí tó ti jẹrà ni oúnjẹ àwọn bakitéríà tó ti wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra ti inú ike, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bù ú sídìí ewéko, ẹ má sì pò ó mọ́ oògùn tó ń pa olú tó ń bá ewéko jà.

Eérú igi lè rọ́pò láìmù díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe eérú ibi tí wọ́n ti sun ike bátìrì.