Àṣẹ pàjáwìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Ẹ ní ìyàwó tuntun tí bàbá ọmọ-ọmọ yín fẹ́ ń fi wáyà na ọmọ náà, bàbá ò sì dá sí i, ẹ wá ń béèrè bóyá kóòtù lè gbọ́ tiyín nígbà tó jẹ́ pé ẹ kì í ṣe òbí rẹ̀. Wọ́n á gbọ́. Èmi náà kì í ṣe òbí, ọmọ àbúrò mi obìnrin olóògbé ni mo jà fún, l'Ékòó níbí.

Láti 2007 ni Èkó ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ló wà fún. Kóòtù ìdílé ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Ẹ lọ sí OPD (Office of the Public Defender), lọ́yà ìjọba tó ń gbèjà aráàlú ni wọ́n, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù àti ìwé ìbúra, wọ́n á bá yín ṣe é.

Ibi tó ti dun èmi nìyí. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà wo ẹ̀yìn ọmọ tó ti bó, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí n lọ yanjú ẹ̀ nílé. Ọmọ ọdún méje! Ilé ìwòsàn àdáni tí mo gbé e lọ kọ sínú ìwé pé ó ṣubú ni, torí wọn ò fẹ́ kí kóòtù ránṣẹ́ pe dókítà wọn, ìwé yẹn náà sì ni lọ́yà bàbá rẹ̀ dì mú. Wọ́n wá ń sún ẹjọ́ síwájú: lónìí adájọ́ ò wá, nígbà mìíràn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ò tíì kọ ìròyìn tirẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń nà án ni ọmọ ń sùn. Á sá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ni màá sì mú un padà lọ, torí lọ́yà mi ní bí mo bá pa á mọ́, wọ́n á ní mo jí ọmọ gbé. Lọ́yà yìí kan náà ò sọ fún mi pé a lè bẹ kóòtù fún àṣẹ pàjáwìrì tó máa gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ gan-an. Ẹlòmíì tó gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló béèrè fún un. Ẹ dárúkọ àṣẹ náà fún lọ́yà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, kó má di pé ó gbàgbé.

Ẹ má gbé àwòrán ọmọ sórí Facebook o! Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni tú àṣírí ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní kóòtù. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fura pé ẹnìkan ti bá a ṣe ìṣekúṣe, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ní LASUTH, ilé ìwòsàn ìjọba Èkó n'Íkẹjà, wọn kì í gbowó. DSVA náà wà, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ ni, wọ́n lè bá yín dé tésàn, ọ̀nà tí ọlọ́pàá máa gbà dá yín lóhùn á yàtọ̀.

Tíṣà kíláàsì rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń rí ojú àpá náà láràárọ̀ nìyẹn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí bàbá ọmọ tó yí ilé ìwé rẹ̀ padà. Adájọ́ sì lè fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, nítorí ohun tí lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ bi í ni ẹni tó kọ́ ọ.