Ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó nílẹ̀ Yorùbá?

Obìnrin kan tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi. Ó ní ọkọ òun a máa sọ fún òun láràárọ̀ pé, "O ṣeun àná." Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà tó jẹ́ obìnrin wá kí wọn, ó gbọ́ ọ, ó yọ ṣùtì, ó ní ọkùnrin Yorùbá kì í dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó, àfi èyí tí wọ́n bá ti fi nǹkan sí lọ́bẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ó tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu alága ìjókòó níbi ìdána kan. Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá bí àṣà ṣe wí nìyẹn.

Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kò bí mi nínú púpọ̀, ara máa ń ta èèyàn bí ẹlòmíràn bá ń kẹ́ àbúrò rẹ̀. Alága tó gba makirofóònù dání ló ń bí mi nínú. Mo ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí irú wọn ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kí ìyàwó kúnlẹ̀, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ tó mú un jáde nílé bàbá rẹ̀. Ọkọ ní tirẹ̀ kò ní ẹnì kankan tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ju àwọn àna lọ. Wọ́n á wá pa á lówe pé "Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣèmíràn," wọ́n á sì túmọ̀ rẹ̀ pé kí obìnrin máa pọ́n ọkọ lé kí ó lè máa tọwọ́ bàpò. Onílù á gbà á, èrò á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì tún ná alága lówó lé e. Òwe tó wà fún tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n sọ di ọgbọ́n ìgbowó yẹn. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Òwe tó yẹ kí á jókòó tì ni èyí: "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni." Kò sí ọmọ iléèwé tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ni pé àìmoore kò dára, wọ́n á sì ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ọlọ́ṣà ni àwọn àgbà mú? Ṣebí òpùrọ́ wà, ọ̀dàlẹ̀ wà, apànìyàn wà. Èmi ti rò ó títí, ibi tí mo dúró sí nìyí, ẹ kò sì lè yẹ̀ mí níbẹ̀: àlejò tó jẹun nílé rẹ àti olè tó wọ ilé rẹ lóru, àwọn méjèèjì ló gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Iṣu tó tán ti tán, ìbáà jẹ́ àlejò ló jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ olè ló kó o. Ohun tó yà wọ́n ni ọjọ́ kejì. Àlejò á tún kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ, á dúró, á ní, "Ẹ ṣeun àná o." Olè kì í padà wá kí ni.

Ìdí nìyẹn tí Yorùbá kò fi ka ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀ sí ọpẹ́ tó pé. O lè fún èèyàn ní nǹkan lónìí kí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, tí ó ń kọjá lọ láìsọ nǹkan kan, wàá gbọ́ tí ará ilé rẹ á máa bi ọ́ pé, "Ṣé ẹni tí a fún ní nǹkan lánàá nìyẹn?" Ẹ wo bí a ṣe ń kí ara wa: ẹ kú àná, ẹ kú ìnáwó àná, ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí. Ìnáwó tó ti lé lóṣù kan, a ṣì ń kí olúwarẹ̀ kú u. Bí a bá ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú parí, ó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ẹbí á tún gbé aṣọ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́. Àwọn kan rò pé òyìnbó ló kọ́ wa. Òyìnbó mú ṣọ́ọ̀ṣì wá, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ ọjọ́ kejì, ó bá a nílé wa. Kódà ìyàwó tó ń sun ẹkún ìyàwó ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìsẹ́yìn láyé àtijọ́, ọpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá tó tọ́ ọ wà lára ohun tó ń sun lẹ́kún, kí ó tó ní kí wọ́n wúre fún òun. Ọmọ tó gbé ọpẹ́ jáde nílé báyìí, ṣé ilé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń mú un lọ?

Nínú ilé, ó rọrùn. Ọkọ jẹun alẹ́ tán, á ní, "Mo yó o, o ṣeun." Ìyàwó á dáhùn pé, "Á gba ibi ire o." Ti alẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́, ó ku "O ṣeun àná." Bí ìyàwó bá ní, "Kò tọ́pẹ́," ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín jẹ, ẹ gbìyànjú kí ẹ má dúpẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i bóyá ó tọ́pẹ́ tàbí kò tọ́ ọ.

Ọmọ Ọ̀fà ni ìyá mi, Onítẹ̀bọmi. Mùsùlùmí ni bàbá mi. Bí ààwẹ̀ bá ti dé, ìyá mi tí kò gbààwẹ̀ ló ń jí dáná sààrì. Kí àwọn ọmọ tó ń lu wéré kiri láti jí Mùsùlùmí tó dé àdúgbò wa, iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò. Ẹnu ló fi ń fẹ́ iná, kò ní lo abẹ̀bẹ̀, kí ariwo má baà jí àwa ọmọ. Á gbé àmàlà síwájú bàbá mi, á gbé omi ìfọwọ́ tì í, á wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á máa tòògbé, títí bàbá á fi jẹun tán, kí ó lè bu omi mímu sí i kí wọ́n tó pe ìrun. Ní tirẹ̀, bí ó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi á ti fi owó ọrẹ sórí Bíbélì rẹ̀ lórí tábìlì. Wọn kì í bá ara wọn jiyàn ẹ̀sìn lójú wa. "O ṣeun àná" ni mo ń gbọ́, ẹ̀hìn kùbùsú ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Bí wọ́n bá ti yídì dé, tí àlejò kún pálọ̀, bàbá mi á gbóhùn sókè: "Àbẹ̀kẹ́! Ìyẹ̀rú Ọ̀kín! Ọlálọmí, ọmọ abíṣujóóko! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà!" Á wá sọ fún gbogbo wọn pé àwọn méjì ni àwọn gba ààwẹ̀ yìí nínú ilé yìí, bí wọ́n bá tiẹ̀ rí ẹnì kan ṣoṣo ní yídì. Ìyá mi á kúnlẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí àlejò rí oúnjẹ jẹ. Ẹ kíyè sí oríkì yẹn. Kì í ṣe òun nìkan ni bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú tó bí i, àti àwọn tó ti kú tipẹ́ nínú ìdílé rẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí. Ọpẹ́ wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ni mo ṣe tí n kò mẹ́nu kan Ọ̀rúnmìlà, tó lé Ìwà, aya rẹ̀, jáde, tí ire gbogbo sì bá obìnrin náà lọ, tó wá ń ti ilé dé ilé wá a kiri pé "Ìwà, Ìwà là ń wá." Ìtàn gidi ni. Àwọn onífá ló ni í, kí wọ́n sọ ọ́.

Lónìí, bí ó bá di ọjọ́ ìbí ìyàwó, ọkọ á gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, á to Gẹ̀ẹ́sì jọ bí ìwé ẹ̀bẹ̀. Bi í pé kí ni oríkì ìyàwó rẹ̀, á máa wojú rẹ. Bi í pé ọmọ ìlú wo ni ìyá ìyàwó rẹ̀, á ní òun mọ̀ pé ọ̀nà Ọ̀ṣun ni. Gbogbo ayé ló rí ìdúpẹ́ náà, àfi ẹni tó dáná lánàá, tí wọn kò tíì kí láàárọ̀ yìí. Èyí ni wọ́n fẹ́ kí n pè ní ọ̀làjú.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, má fún un lésì. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ni, jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn. Ìwọ tọ́jú rẹ̀ dáadáa bí ó bá tún wá. Ní ti ọkọ rẹ, ìwọ náà máa dúpẹ́ owó oúnjẹ àná, owó iléèwé àná, àdúrà tó gbà fún ọ lóru. "Olówó orí mi" dára, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin ló ń pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wá oríkì ilé rẹ̀ lọ. Má lọ bá alága. Àwọn ìyàwó ilé tó ti dàgbà nínú agbo ilé wọn ni kí o lọ bá, àwọn ni wọ́n ń fi í jí ọmọ ọkọ wọn. Gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù rẹ, kí o sì ní kí wọ́n kì í lẹ́ẹ̀mejì, torí wọ́n máa ń fo ìlà bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n.