Owó ìtọ́jú ọmọ lẹ́yìn ìpínyà: má rán ọmọ lọ gbà á

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní oṣù kẹjọ rèé tí ìwọ àti bàbá àwọn ọmọ ti pínyà. Ọmọ méjì wà lọ́dọ̀ rẹ ní Ìkòròdù, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì fún ọ ní kọ́bọ̀ láti ìgbà náà. Ó ní àfi tí o bá kó wọn wá sílé òun kí òun tó náwó. O wá ń béèrè bóyá kí o kó wọn lọ já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, àbí kí o fi wọ́n pamọ́ fún un títí yóò fi sanwó. Jọ̀wọ́, má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ti ṣe èkejì rí, mo sì tún ṣe èyí tó burú jù ú lọ.

Ìbàdàn ni mo wà, èlùbọ́ ni mo ń tà ní ọjà Bódìjà. Ọdún 2016 ni èmi àti ọkọ mi pínyà, ọmọ mẹ́ta ló wà láàárín wa. Nígbà tó di oṣù kẹta tí kò fi nǹkan ránṣẹ́, mo wọ aṣọ ilé-ìwé fún àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo ní kó lọ bá bàbá rẹ̀ ní gáréèjì, kó má kúrò níbẹ̀ láìgba owó ilé-ìwé. Mo rò pé bó bá fojú kan ọmọ, àánú á ṣe é. Ọmọ náà jókòó sórí táyà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. ₦500 ló mú bọ̀. Kò sunkún. Ó kàn fi owó náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màámi, ẹ má bínú, kò tó." Ó ti wà ní poli báyìí, ṣùgbọ́n títí dòní, bí nǹkan bá wọ́n ọn, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ebi ni yóò máa fi pa ara rẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tó kọ́ ọ, mo sì mọ ẹni tó rán an níṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi ìbínú ti ilẹ̀kùn. Mo ní kò ní rí wọn mọ́ títí yóò fi sanwó. Ó tó ọdún kan. Nígbà tí a dé kóòtù, ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà rẹ̀ dìde sọ ni pé mo gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá wọn, ọ̀rọ̀ owó kò tíì dé etí adájọ́ rárá tí mo ti di ọ̀daràn. Adájọ́ sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn pé ọ̀tọ̀ ni owó, ọ̀tọ̀ ni rírí ọmọ. Bàbá tí kò sanwó ṣì jẹ́ bàbá, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò rí sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni.

Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ iye owó, mọ ẹni tó ni ín. Kì í ṣe owó rẹ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 14, sọ pé ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ pé kí àwọn òbí rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ, ọmọ sì lè tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù ẹbí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Bí ọkọ rẹ bá ń sọ pé ìwọ lo kó jáde, pé kò kan òun, ìjà tọkọtaya nìyẹn. Ìjà yẹn lè kan ohun tí adájọ́ máa fún ìwọ fúnra rẹ, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn kan á sọ fún ọ pé, "Ọmọ, ti bàbá ni." Bó bá jẹ́ ti bàbá, ẹ jẹ́ kí bàbá bọ́ ọ.

O kò sọ irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti pín. Bó bá jẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísìrì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, Kóòtù Gíga ló máa gbọ́ ìkọ̀sílẹ̀ yín, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Níbẹ̀, adájọ́ á wo ohun tí kálukú yín ní, ohun tí kálukú lè pa wọlé, àti ìwà yín. Owó ọmọ lábẹ́ òfin yẹn kì í kọjá ọdún 21 àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Bó bá jẹ́ ìdána nìkan ni ẹ ṣe bíi tèmi, kóòtù ìbílẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá sì ṣe ìgbéyàwó kankan, má ṣe rò pé ọ̀nà dí. Òfin àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 42, kò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo ṣe àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń ṣe. Mo dìde, mo sunkún, mo ní kí wọ́n bá mi gba ₦120,000 lóṣù. Adájọ́ ní, "Kí ni àti kí ni ó jẹ́ ₦120,000?" N kò lè dáhùn. Mo mọ̀ pé ìyà ń jẹ mí, n kò mọ iye tí ìyà náà jẹ́. Bàbá wọn wá nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, ó ní òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ takisí Míkírà méjì ló ní, tí àwọn awakọ̀ ń kó owó rẹ̀ wálé fún un lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Kóòtù bu ₦15,000 fún ọmọ mẹ́ta. Ó san án fún oṣù mẹ́ta péré.

Obìnrin àgbàlagbà kan tí a jọ ń tajà ló là mí lójú. Ó ní kí n ra ìwé ẹlẹ́wé ogójì kan, kí n máa kọ gbogbo ohun tí ẹnu ọmọ bá kàn àti ohun tí ara ọmọ bá lò. Gàrì, ìrẹsì, kẹrosíìnì, bàtà, owó ọ̀kadà lọ sílé-ìwé, oògùn ibà. Mo ń lẹ rìsíìtì mọ́ ọn. Ibi tí kò bá ti sí rìsíìtì, mo ń kọ ọjọ́ àti ọjà tí mo ti rà á. Owó ilé tí à ń gbé náà, mo pín in, mo kọ ti ọmọ sọ́tọ̀ sí tèmi. Ọ̀rọ̀ owó tèmi náà ni mo fẹ́ kí o fiyè sí jù níbí, nítorí wọ́n á bi ọ́ pé kí ni ìwọ náà ń pa wọlé, ojúṣe ìwọ náà ni. Má parọ́. Mo kọ èrè èlùbọ́ mi síbẹ̀ bó ṣe rí. Ohun tí bàbá wọn fún wọn náà, mo kọ ọ́, títí kan ₦500 ọjọ́ yẹn.

Mo tún kọ nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì sílẹ̀, mo sì bẹ ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà, ó gbà láti wá jẹ́rìí.

Ọdún 2019 ni mo padà lọ. Àṣẹ owó ọmọ kì í ṣe òkúta. Bí nǹkan bá yí padà, o lè ní kí kóòtù tún un wò, òun náà sì lè ní kí wọ́n dín in kù bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, gbogbo yàrá sì dákẹ́. N kò sunkún lọ́jọ́ yẹn, kò sí ìdí fún un. Ó sọ owó oúnjẹ di ₦30,000, ó ní kí bàbá máa san owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé fúnra rẹ̀, kí owó oúnjẹ sì máa gba ọwọ́ akọ̀wé kóòtù. Béèrè fún èyí gan-an. Bó bá ń gba ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ti san án nígbà tí kò san án, ìwọ náà kò sì ní máa pe fóònù rẹ̀ lálaalẹ́ bí ẹni ń tọrọ. Nígbà tó tún dáwọ́ dúró, akódà kóòtù mú ìwé ìpè lọ bá a pé kó wá sọ ìdí tó fi rú àṣẹ. Ó san oṣù mẹ́rin pa pọ̀ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé.

₦30,000 kò tó nígbà náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iye tó lè san tó sì ń wọlé dára ju iye ńlá tó wà lórí ìwé lásán.

Èkó tí o wà sàn jù fún ọ ní ọ̀nà kan. Kí o tó na kọ́bọ̀ sórí lọ́yà, lọ sí ọ́fíìsì ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ránṣẹ́ pè é, wọ́n á jẹ́ kí ẹ jọ sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ ó fọwọ́ sí i. Bí kò bá yọjú, ọ́fíìsì Public Defender náà wà, níbi tí lọ́yà ìjọba ti ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó rò, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin tí wọ́n ń pè ní FIDA sì wà. Àwọn ẹbí á máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n sọ ọ́ fún mi títí, mo sì fi ọdún kan gbáko ṣòfò torí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wo ló ṣẹ́kù? Bàbá àwọn ọmọ mi àti èmi kò bára wa sọ̀rọ̀ rere rí bíi lẹ́yìn tí owó ti di ohun tí ìwé ń bá wa sọ.

Ní ti rírí àwọn ọmọ, jẹ́ kó máa rí wọn, bó bá jẹ́ pé kì í lù wọ́n. Dá ọjọ́ àti wákàtí, kó wá mú wọn, kó dá wọn padà. Bí wọ́n bá padà wálé, má bi wọ́n pé kí ni bàbá ní, ta ló wà nílé rẹ̀, ṣé ó ra nǹkan. Ó máa nira fún ọ, ẹnu á máa yún ọ. Pa á mọ́ra.

Ra ìwé náà lọ́la. Kó ìwé ilé-ìwé, ìwé ìgbéyàwó tàbí fọ́tò ìdána, àti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ jọ. Bí èyí àbúrò kò bá tíì ní tirẹ̀, lọ sọ́dọ̀ àjọ NPC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ìbí ọmọ sílẹ̀, kí o gbà á kí o tó lọ sí ọ́fíìsì ìlàjà. Wọ́n á bi ọ́ fún un.