Ẹ Bi Wá Ká Sọ: Ẹni Tó Ra Stonehenge Ní Gbàǹjo

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, họ́lídè ló fà á. Ẹ kó ọmọ lọ wo ìlú Òyìnbó, ọmọ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà wá da ìbéèrè bò wá. Ó dáa, a ti gbọ́.

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní tíṣà àwọn sọ pé ẹnì kan ra Stonehenge, àwọn òkúta ńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n tò dúró yíká ní England, ní gbàǹjo bí ẹní ra àga. Mo ní irọ́ ni, ó ní kí n bi yín. (Ìyá kan, Peckham)

Ìyá wa, ẹ lọ bẹ ọmọ yẹn, òótọ́ ló sọ. Ní September 1915, tí ogun àgbáyé kìíní ń jà lọ́wọ́, wọ́n gbé Stonehenge sí gbàǹjo ní Salisbury, òun ni nọ́ńbà 15 nínú ẹrù tí wọ́n fẹ́ tà lọ́jọ́ náà, lọ́ọ̀yà kan tó ń jẹ́ Cecil Chubb, ọmọ abúlé kan nítòsí ibẹ̀, ló sì rà á ní £6,600. Àwọn kan ní àga gan-an ló tìtorí ẹ̀ lọ, àwọn kan ní kọ́tìnì, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olófòófó. Nígbà tó di 1918 ló gbé e fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó ní wọn ò gbọdọ̀ gbà ju ṣílè kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá wò ó. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń gbà báyìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Èmi o, owó yẹn kọ́ ló yà mí lẹ́nu, ẹrù àwọn òkúta yẹn ni. Àwọn ńlá yẹn ń lọ bíi tọ́ọ̀nù 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi kìlómítà 25 sí ibẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ́ wọn wá, ní bíi ọdún 4,500 sẹ́yìn, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí irin. Àwọn kéékèèké wá láti Wales, ó lé ní kìlómítà 200. Ní 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé èyí tó sùn sílẹ̀ láàárín, tó tó tọ́ọ̀nù 6, àríwá Scotland ló ti wá, ìyẹn ju kìlómítà 700 lọ! Tí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ wo orí èyí tó ga jù nínú àwọn tó dúró, ẹ máa rí kókó kan tó yọ sókè níbẹ̀, abẹ́ èyí tí wọ́n gbé dábùú lé wọn lórí ní ihò tí irú kókó yẹn ń wọ̀, bí káfíńtà ṣe máa ń so igi pọ̀ gẹ́lẹ́.

Àbúrò mi tó wà ní London ní kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń tún aago Big Ben ṣe. Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? (Ẹ̀gbọ́n kan, Ìbàdàn)

Kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Irin gbọọrọ kan wà nínú aago yẹn tó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, wọ́n to pẹ́nì ayé àtijọ́ jọ sórí ẹ̀, èyí táwọn ìyá wa àgbà ń pè ní kọ́bọ̀ kí náírà tó dé. Tí aago bá ń fà sẹ́yìn, wọ́n á fi ẹyọ kan kún un, tó bá ń yára jù wọ́n á mú ẹyọ kan kúrò. Ẹyọ kan péré máa ń yí i padà ní bíi ìdá méjì nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ́jọ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, agogo inú ẹ̀ ló ń jẹ́ Big Ben o, ilé gogoro tí aago náà wà lára ẹ̀ ń jẹ́ Elizabeth Tower láti 2012. Agogo ọ̀hún sán ní 1859, ọdún tó kọ́kọ́ dún gan-an, wọ́n kàn yí i díẹ̀ kí òòlù tó fúyẹ́ máa gbá ẹ̀gbẹ́ mìíràn ni, bó ṣe sán ló wà títí dòní.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n rí òkú ọba lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí?

Lóòótọ́ ni, ní Leicester, 2012. Richard kẹta, ọba England, ni, ó wàjà lójú ogun ní 1485, wọ́n sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n padà wó. Ẹ̀yìn ẹ̀ tó wọ́ àti DNA àwọn ìbátan ẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀, wọ́n sì tún un sin ní 2015.

Ṣé Yorùbá kankan wà nínú ìtàn wọn ni, àbí òkúta nìkan? (Ọmọ Yewa, Manchester)

Ọmọ Yewa, tiyín gan-an ni mo fẹ́ sọ. Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì kó ìlú wọn. Ní 1850, Ọba Gezo fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ, bí ẹní fúnni ní àgbò! Kápútéènì Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, ló gbà á, ó sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, Forbes orúkọ tiẹ̀, Bonetta orúkọ ọkọ̀ ojú omi ẹ̀. Victoria sọ ọ́ dọmọ, ó ń sanwó ilé-ìwé ẹ̀. Ní August 1862 ló fẹ́ James Davies, oníṣòwò tí òbí ẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ bí, Victoria náà ló ń jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà níbẹ̀ o, orí òkè ló wà, tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.