Sítíárìn ọkọ̀ bàbá yín ní Ìkòròdú: ẹ má tíì ra nǹkan kan

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Ọkọ̀ ojú omi fíbà fíìtì 16 ni bàbá yín fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú. Ẹ́ńjìnì Johnson ayé àtijọ́, alágbára ẹṣin 40, ló wà ní ìdí rẹ̀, wáyà àti púlì ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀. Àbúrò yín ní sítíárìn náà ti ń le koko lọ́wọ́ òun, mẹkáníìkì sì ní àfi kí ẹ fi owó háídírọ́líìkì ránṣẹ́, ìyẹn sítíárìn tó ń fi epo inú họ́ọ̀sì ti ẹ́ńjìnì. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kúkú ra gbogbo rẹ̀ ní Houston níbẹ̀, kí ẹ kó o sínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé.

Ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ sítíárìn yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n háídírọ́líìkì kọ́ ló kàn, àti pé ohun kan wà tó ṣáájú rírà.

Ẹ ní kí àbúrò yín tú wáyà náà kúrò lára ẹ́ńjìnì pátápátá, kí ó wá fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ́ńjìnì sọ́tùn-ún sósì. Tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ bá le, ẹ̀bi sítíárìn kọ́ nìyẹn. Irin tí ẹ́ńjìnì fi ń yí ni gírísì ti gbẹ mọ́ nínú, ó sì lè jẹ́ pé ó ti ń dípẹtà. Kò sí sítíárìn tuntun tó máa wo ìyẹn sàn, ì báà jẹ́ ti olówó ńlá. Ẹnu kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń gba ibẹ̀ fa gírísì sí i. Kí wọ́n fa gírísì ojú omi síbẹ̀ títí ti àtijọ́ tó ti dúdú yóò fi máa yọ jáde, kí wọ́n sì máa ti ẹ́ńjìnì síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń fà á. Mẹkáníìkì tí kò kọ́kọ́ ṣe èyí kí ó tó dárúkọ háídírọ́líìkì, ẹ rọra fojú sí i lára.

Tí ẹ́ńjìnì bá wá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ku wáyà. Kí ó mú àkísà, kí ó fi di wáyà náà mú, kí ó sì fà á lọ láti iwájú títí dé ìdí ọkọ̀. Ibi tí àkísà bá ti há, irun wáyà ti já níbẹ̀. Kí ó má fi ọwọ́ lásán dán an wò o, yóò ya á lọ́wọ́. Tí wọ́n bá fi rọ́bà bo wáyà náà, ibi tí rọ́bà bá ti wú tàbí tó ti pọ́n ni kí ó wò dáadáa, torí pé iyọ̀ inú omi ọ̀sà máa ń jẹ wáyà láti inú, rọ́bà á sì bo àṣírí rẹ̀.

Èmi kò kórìíra wáyà àti púlì. Ó rọrùn, gbogbo rẹ̀ ló hàn sí gbangba, ẹ́ńjìnì kékeré lórí omi tó dákẹ́ kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà ká mọ́ ìlù kékeré tó wà lẹ́yìn sítíárìn, apá kan gba ọ̀tún, apá kejì gba òsì, púlì ń yí i ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, sípíríǹgì sì ń fà á kó má bàa dẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo púlì ló ń gbé ẹrù náà. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ìṣó rẹ̀ bá fà yọ lára fíbà tó ti gbó, gbogbo wáyà dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnì á sì fì sí ibi tó bá wù ú. Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré láàárín ọ̀sà, ọkọ̀ á yí bìrí, ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ á sì bá ara rẹ̀ nínú omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Háídírọ́líìkì dùn-ún wà, ọmọ ìka kan lèèyàn fi ń yí i. Ẹ́ńjìnì 150 sókè, àwọn ọkọ̀ èrò tó ń gbé ẹ́ńjìnì méjì, ibẹ̀ ni ààyè rẹ̀ wà. Lórí 40, owó ńlá lẹ máa ná fún ìtura kékeré. Ó ní epo tirẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù kì í sì í fẹ́ gba epo. Atẹ́gùn tó bá wọ inú họ́ọ̀sì rẹ̀, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ní Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńláńlá ni ojú wọn wà, owó tí wọ́n á pè fún àbúrò yín kò ní kéré.

Èyí tí màá bá yín mú ni kébù kan ṣoṣo, tó ń ti ẹ́ńjìnì tó sì tún ń fà á. Nínú rẹ̀ náà, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ NFB (No Feedback) sí lára. Pọ̀pẹ́là máa ń fẹ́ fa sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, NFB ni kì í jẹ́ kó rí i fà, tí apá awakọ̀ kì í fi í ro ó. Ẹ ó rí orúkọ Teleflex, SeaStar àti Dometic lára páálí, ẹ má jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú: iléeṣẹ́ kan náà ni. Teleflex ló di SeaStar, Dometic sì rà á ní 2017. Uflex ti àwọn ará Ítálì náà dára.

Ó wá kan wíwọ̀n, ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí. Fíìtì fíìtì ni wọ́n ń ta kébù. Kí àbúrò yín na téèpù láti àárín sítíárìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀, láti ibẹ̀ lọ dé ìdí ọkọ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ìdí ọkọ̀ lọ sí àárín ẹ́ńjìnì. Kí ó ya fọ́tò téèpù náà ní orí àti ìdí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kó má kàn sọ nọ́ńbà fún yín lórí fóònù. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, torí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó ń yọ kúrò fún ibi tí kébù ti tẹ̀. Tí àròpọ̀ náà bá bọ́ sí àárín fíìtì méjì, èyí tó gùn ni kí ẹ mú. Kébù tó fi díẹ̀ gùn jù á rọra tẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó kúrú ti di owó tó bọ́ sómi. Ẹ rántí pé kébù yìí kò fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ òun: ibi tó bá ti tẹ̀, láti àárín ìyípo rẹ̀ dé etí kò gbọdọ̀ dín ní íǹṣì 8. Torí náà, tí ẹ bá ń kó o sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kó ká mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù nínú yípo, kí ẹ sì kó aṣọ àti ìrẹsì sáàárín rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan wúwo lé e.

Fọ́tò kejì tí mo fẹ́ kó yà ni ti ẹ́ńjìnì. Níbi tí ẹ́ńjìnì ti máa ń ká sókè, ó yẹ kí páìpù kan gba ibẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Inú páìpù yẹn ni orí kébù máa gbà, íǹṣì 5/8 sì ni fífẹ̀ inú rẹ̀ máa ń jẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnì tó dàgbà dáadáa kò ní páìpù yìí rárá, torí wáyà àti púlì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Tí ti bàbá kò bá ní in, irin mìíràn wà tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀ fún kébù láti dúró lé, òun lẹ máa rà mọ́ ọn. Tó bá ní in, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ inú rẹ̀ títí á fi dán, kí wọ́n tó fi gírísì sí i.

Apá irin kékeré tó so kébù mọ́ ẹ́ńjìnì kì í sábà sí nínú páálí sítíárìn. Ti Johnson yàtọ̀ sí ti Yamaha tó kún Èkó, nítorí náà Houston gan-an ni kí ẹ ti wá a. OMC, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Johnson, wó ní ọdún 2000. Bombardier ló ra orúkọ náà lẹ́yìn náà, wọ́n sì ti pa iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tì láti 2020. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù àtijọ́ lẹ ti máa rí i, nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnì ni wọ́n á sì kọ́kọ́ bi yín. Ẹ ra kẹ̀kẹ́ sítíárìn tuntun pẹ̀lú, torí èyí tó bá ìlù wáyà rìn lè má wọ irin tuntun.

Kí wọ́n tó gún ihò kankan, kí mẹkáníìkì fi orí òòlù gbá ìdí ọkọ̀ kù, kù, níbi tí ẹ́ńjìnì kọ́ sí. Tó bá ń dún gbọ̀-ọ̀ bíi pákó tó rin, omi ti wọ pákó inú fíbà, iṣẹ́ mìíràn ló dé yẹn, sítíárìn á sì dúró ná.

Ní ti owó, ẹ pín owó iṣẹ́ sí méjì. Ẹ san ìdajì nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú ìdajì dání títí ẹ ó fi rí fídíò. Nínú fídíò náà, kí wọ́n yí sítíárìn sọ́tùn-ún dé òpin: pọ̀pẹ́là gbọ́dọ̀ ṣí sọ́tùn-ún pẹ̀lú. Kí wọ́n yí i sósì, kí wọ́n tún ká ẹ́ńjìnì sókè kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ rí i pé kébù kò gbá ara ọkọ̀, kò sì tẹ họ́ọ̀sì epo mọ́lẹ̀. Ẹ ní kó fi kámẹ́rà sún mọ́ nọ́ọ̀tì tó de apá irin yẹn. Èyí tó ní rọ́bà nínú ni kí ó jẹ́, tuntun, kì í ṣe èyí tí wọ́n tú lára ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí wáyà tí wọ́n fi wé nǹkan kan níbẹ̀, tàbí kébù ọ̀kadà, ẹ má sanwó.

Tí àbúrò yín bá ní lọ́kàn láti máa fi ọkọ̀ náà gbé èrò, ọ̀rọ̀ LASWA (àjọ ojú omi ìpínlẹ̀ Èkó) àti NIWA (àjọ ojú omi ti ìjọba àpapọ̀) nìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ bá wọn kí ó tó gbé ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò páìpù yẹn àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì síbí. Bí mo bá ti rí wọn, màá sọ irú apá irin tí ẹ máa béèrè fún yín.